Owó oògùn HIV ti wà, owó tẹ́ẹ̀sì aláboyún dà?

Bílíọ̀nù 4.8 náírà tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kejì ọdún 2025 láti fi ra páálí oògùn HIV 150,000, owó gidi ni, a ò fojú kéré ẹ̀ rárá. Àwọn aṣòfin àgbà náà tún ki bílíọ̀nù 300 bọ inú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìlera lẹ́yìn tí Trump ti dá owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà dúró fún ọjọ́ 90 ní oṣù kìíní ọdún náà, ó yẹ ká kí wọn, a sì kí wọn. Ẹni tó ń lo oògùn yìí lójoojúmọ́ ló mọ bó ṣe ń rí lára kí wọ́n sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kó máà sí mọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tá a ti ń bi wọ́n tipẹ́ lórí ojú ewé yìí, tí wọn ò dáhùn, a sì tún fẹ́ bi wọ́n lónìí: ẹni tí kò tíì kó àrùn yìí ńkọ́? Owó tiẹ̀ dà?

Nígbà tí ariwo pọ̀ jù, Amẹ́ríkà ní kí oògùn àwọn tó ti ní kòkòrò HIV máa lọ, àti ti aláboyún kó má baà kó ran ọmọ. Oògùn ìdènà tí wọ́n ń pè ní PrEP, tí ẹni tí kò tíì ní in ń lò kó má baà ní in, aláboyún àtìyálọ́mọ tó ń fọ́mú fọ́mọ nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀ fún, ẹlòmíì lọ jókòó. Inú bí gbogbo wa sí i. Ó wá dùn wá gan-an pé ohun kan náà nìjọba tiwa náà ń ṣe nílé láìsí pé Trump rán wọn níṣẹ́, torí bílíọ̀nù 4.8 tí wọ́n kà síta fún oògùn yẹn, ti ẹni tí àrùn ti wọ̀ lára ni. Òótọ́ ni pé oògùn fúnra ẹ̀ ń dènà, ẹni tó bá ń lò ó déédéé tí kòkòrò ọ̀hún ò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mọ́ kì í kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀, a fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì ṣe tẹ́ẹ̀sì, oògùn wo ló fẹ́ lò?

HIV nìkan kọ́ ló sì wà nílẹ̀. Àtọ̀sí wà, kilamídíà wà, mẹ́dọ̀wú B wà, sífílíìsì táwọn àgbà ń pè ní rẹ́kórẹ́kó wà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní lójoojúmọ́ ayé yìí, ó lé ní mílíọ̀nù kan ìgbà táwọn ọmọ ọdún 15 sí 49 ń kó àrùn ìbálòpọ̀ tó ṣeé wò, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni kì í sì í hàn lára. Kì í hàn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Èèyàn ń rìn, ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń ṣiṣẹ́, ara ẹ̀ ń dán, àrùn wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí tẹ́ẹ̀sì fi ṣe pàtàkì ju gbogbo ìpolówó orí rédíò lọ.

Akọ̀ròyìn wa kan lọ jókòó sí ilé ìwòsàn alábọ́dé kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ò ní dárúkọ ibẹ̀ torí ẹjọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kọ́. Ọjọ́ kílíníkì aláboyún ni. Obìnrin kan wà lórí bẹ́ńṣì, oyún ti pé oṣù méje, ẹ̀kọ ló ń tà, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wá rèé torí kò rówó káàdì gbà ṣáájú. Nọ́ọ̀sì gún un lórí ìka, wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì HIV fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó ku ẹyọ díẹ̀ nínú páálí táwọn òyìnbó fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó dá a dúró. Ó wá ku sífílíìsì. Nọ́ọ̀sì fa bébà yọ, ó kọ VDRL, orúkọ tẹ́ẹ̀sì sífílíìsì, sí i, ó ní, "Mọ́mì, ẹ lọ ṣe eléyìí ní láàbù ìta, kẹ́ ẹ mú èsì ẹ̀ wá." Obìnrin yìí bi í pé èló ni. Nígbà tó gbọ́ iye ẹ̀, kò sọ nǹkan kan, owó yẹn ju èrè ọjọ́ méjì lọ lórí ẹ̀kọ. Ó ká bébà náà kékeré, ó so ó mọ́ etí ìró, ó ní, "Ẹ jẹ́ n dúró de bàbá ọmọ mi, mà." Ó di ilé. Akọ̀ròyìn wa bi nọ́ọ̀sì pé mélòó ló máa ń mú èsì padà wá nínú wọn, ńṣe ni nọ́ọ̀sì mirí.

Ohun tó ń dùn wá níbẹ̀ ni pé tẹ́ẹ̀sì kan wà tó ń yẹ méjèèjì wò pọ̀, HIV àti sífílíìsì, lórí ìlà pẹlẹbẹ kan náà, látinú ẹ̀jẹ̀ ìka kan náà, láàárín bíi ìṣẹ́jú 20. WHO ti sọ ọ́ tipẹ́ pé òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fáláboyún. Tí wọ́n bá rí sífílíìsì lára ẹ̀, abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì olóògùn gbọọrọ ni wọ́n máa gún un ní ìdí, ẹ̀ẹ̀kan péré tí kò bá tíì pẹ́ lára, ẹ̀ẹ̀mẹta, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín, tó bá ti pẹ́ tàbí tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìgbà tó wọlé. Kò sóògùn míì tó dá wa lójú pé ó ń dé ara ọmọ inú. Ó sì gbọ́dọ̀ gbà á ó kéré tán oṣù kan kó tó bímọ, ìyẹn ló fi jẹ́ pé "ẹ lọ mú èsì wá" lóṣù keje, ewu ńlá ni.

Torí ẹ wo bí rẹ́kórẹ́kó ṣe ń ṣe. Egbò kan máa yọ níbi tó ti wọlé, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìbálòpọ̀, kì í dunni, tó bá wà nínú lọ́hùn-ún obìnrin ò tiẹ̀ ní rí i. Egbò náà á jinná fúnra ẹ̀. Èèyàn á dúpẹ́. Tó bá yá ara á sú, nígbà míì ó máa ń dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ìyẹn náà á lọ, wọ́n á ní ooru ni. Lẹ́yìn náà á dákẹ́, ó lè dákẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Tí oyún bá wá dé nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ọmọ lè kú sínú, ó lè jáde láìtọ́jọ́, ó lè bọ́ sáyé pẹ̀lú àrùn lára. Mélòó nínú àwọn tá a ń pè ní àbíkú, tá a ń lo owó àti omijé lé lórí, ni abẹ́rẹ́ kan ì bá dá dúró? Ìbéèrè yìí ò jẹ́ ká sùn dáadáa nílé iṣẹ́ yìí.

Ti HIV náà rèé. Tí wọn ò bá ṣe nǹkan kan, láàárín ọmọ 15 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún tí ìyá wọn ní in ló ń kó o. Tí ìyá bá lo oògùn bó ṣe yẹ, kì í tó márùn-ún. Síbẹ̀ Nàìjíríà ṣì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní in jù láyé, ilẹ̀ tí ìwádìí ńlá ọdún 2018 ti fi hàn pé 1.4 péré nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ló ní in! Ṣé ìyẹn yé wa? Kì í ṣe pé àrùn yìí pọ̀ lára wa ju àwọn tó kù lọ, àìṣe tẹ́ẹ̀sì àti àìrí oògùn lásìkò ló ń pa wá lẹ́kún.

Ẹ tún wo àwọn tí kò lóyún, tí wọ́n ń wá a. Àtọ̀sí àti kilamídíà máa ń wọ ilé ọmọ lọ, wọ́n á dí túùbù tí ẹyin ń gbà kọjá, obìnrin ò ní mọ̀ rárá títí dọjọ́ tó bá ń wá ọmọ. Ọkùnrin tó kó o wálé ti lọ gba kápúsù pupa-àti-yẹ́lò ní kẹ́míìsì nígbà tí ìtọ̀ ń ta á, kò sọ fúnyàwó, ó ti gbàgbé. Ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún, ìyá ọkọ ti ń fi orin bú ìyàwó, wọ́n ti gbé e dé orí òkè àdúrà, wọ́n ti gbé àgbo fún un mu. Ta ló ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Oògùn kẹ́míìsì yẹn náà, ó ti pẹ́ tí àtọ̀sí ti ń gbójú sí irú wọn, àbọ̀ oògùn táwọn èèyàn ń lò ló kọ́ kòkòrò náà lógbọ́n. Àwọn tó ń pè é ní "tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n" kì í sì í ṣe wèrè, ojú ló ń tì wọ́n, ó rọrùn kéèyàn bá ṣáláńgá wí ju kó bá ọkọ ẹ̀ wí lọ. Àtọ̀sí ò ń fò látorí ṣáláńgá mọ́ni o. Ìbálòpọ̀ ló ń gbà wọlé, tẹ́nì kan bá sì ní in, àwọn méjèèjì ni kí wọ́n tọ́jú pọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ńṣe ni wọ́n á máa gbé e fún ara wọn padà.

Ta ló yẹ kó kọ́ àwọn ọmọ wa ní gbogbo èyí? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Adamu Adamu tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà yẹn ní kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀ kúrò nínú iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, pé kó di ti òbí àti ilé ìjọsìn. A ta kò ó nígbà yẹn, a ṣì ń ta kò ó. Nílé, ọmọ tó bá béèrè, ìfọ́tí ló ń gbà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tó so yín pọ̀ wọ́n á béèrè èsì HIV àti jẹ́notáìpù, ìyẹn dáa, àmọ́ ta ló ń béèrè sífílíìsì, ta ló ń béèrè mẹ́dọ̀wú B tó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára? Rọ́bà tó wà ní kẹ́míìsì, ọ̀dọ́ ò lè fi gbogbo ẹnu pè é níwájú àgbàlagbà. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni rọ́bà ń dènà, egbò lè wà níbi tí kò dé, àmọ́ fẹ́ni tó bá ń ní ìbálòpọ̀, kò sóhun tó rọrùn tó o tó sì tún ń dènà tó o.

Ká má wá sọ pé ìjọba ò mọ ìdènà ṣe. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà HPV, kòkòrò ìbálòpọ̀ tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, lọ́fẹ̀ẹ́, Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbà á, àwọn ìpínlẹ̀ tó kù tẹ̀ lé e lọ́dún 2024. Wọ́n gbé e dé ilé ìwé, wọ́n bá àwọn aláàfáà àti pásítọ̀ sọ̀rọ̀. Irú iṣẹ́ yẹn gan-an là ń bẹ̀ wọ́n fún.

Lọ́dún 2025 náà ni wọ́n tún gbé kọmítì kalẹ̀ láti wo bá a ṣe máa dá dúró láìsówó òyìnbó. Kọmítì! Oṣù kẹrin ọdún 2001, ní Àbújá wa níbí, làwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí pé 15 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́jẹ́ẹ̀tì á máa lọ sí ìlera, Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò ò tíì dé ibẹ̀ rí lọ́dún kankan. Òfin ìlera ọdún 2014 ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún irú àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé yìí gan-an. Oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Àbújá ní ti gómìnà ni, gómìnà ní ti alága káńsù ni, alága ní òun ò tíì rówó, obìnrin ẹlẹ́kọ so bébà mọ́ etí ìró. Ẹ̀yin alàgbà, ó ti sú wa. Kò sí kọmítì tó máa wádìí ohun tí gbogbo yín ti mọ̀.

Ohun tá a fẹ́ ò ṣòro. Kí gbogbo gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ra tẹ́ẹ̀sì onílà kan yẹn àti abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì sí gbogbo sẹ́ńtà wọn, kó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí wọ́n gún aláboyún lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n bá rí i, kí wọ́n sì pe ọkọ ẹ̀ wá gba tiẹ̀. Kí wọ́n lẹ orúkọ ẹni tá a máa pè tí tẹ́ẹ̀sì tàbí abẹ́rẹ́ ò bá sí níbẹ̀ mọ́ ara ògiri.

Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni kílíníkì aláboyún míì ní sẹ́ńtà tá a sọ yẹn. Obìnrin ẹlẹ́kọ máa wà níbẹ̀, wọ́n ti kọ déètì sí káàdì ẹ̀. Akọ̀ròyìn wa náà máa wà níbẹ̀.