Odò Sẹ́ẹ̀nì Ni, Kì í Ṣe Séènì!

Ọmọ mi obìnrin ti ilé ẹ̀kọ́ dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó ju báàgì sílẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti kó bá mi." Mo ní kí ló dé? Ó ní òun bọ́ síwájú kíláàsì láti sọ̀rọ̀ nípa ìlú Párísì, òun pe odò ibẹ̀ ní Sẹ́ẹ̀nì, ni tíṣà bá dá òun dúró pé rárá o, Séènì ni. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ wo àmì kékeré tó wà nídìí ẹ yẹn. Òun gan-an ni mò ń torí ẹ̀ jà. Ẹ tó wà nínú ẹsẹ̀, tó wà nínú ẹ̀wà, òun náà ni àwọn Faransé fi ń pe odò wọn. Àbúrò mi tó ń gbé ní Kétu, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó jẹ́ pé Faransé ló fi kàwé láti kékeré, òun ló fi orí fóònù kọ́ ọmọ yìí títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn!

Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi náà ti jẹ irú ìyà yìí rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, mo bi ọkùnrin kan ní ibùdókọ̀ pé ọ̀nà wo ni mo máa gbà dé etí odò Thames. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe kà á: mo pe h, mo pe a bíi ti ajá. Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Tẹ́ms! Tẹ́ms ni!" Ó dáa, mo gbà. Odò wọn ni. Bí wọ́n bá ní kí n gbé h mì, màá gbé e mì. Ṣùgbọ́n tó bá wá kan odò ẹlòmíì, bó ṣe wu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pè é. Tí o bá ní onílé kì í pè é báyẹn, wọn á ní bí àwọn ṣe ń pè é lédè tàwọn nìyẹn. Ẹ ò rí i?

Wọn ò tiẹ̀ fẹnu kò. Ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè wọn, méjèèjì ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ 26 oṣù Keje 2024, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn eléré ìdárayá gba orí odò náà níbi ìṣíde Òlíńpíìkì, atọ́kùn kan ń pè é ní Séènì, ẹnìkejì rẹ̀ ń pè é ní Sẹ́ẹ̀nì, òjò kan náà ló sì ń rọ̀. Mo pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí ọkọ mi fi gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi.

Wọn ò sì lè sọ pé ahọ́n àwọn ò gbé e. Wọ́n ń ka ten lójoojúmọ́, ẹ kan náà ló wà nínú rẹ̀. Odò Somme tó wà ní ilẹ̀ Faransé ńkọ́? Láti ìgbà tí ogun 1916 ti jẹ àwọn ọmọ wọn níbẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n pè dáadáa. Ti Rhône, odò Faransé mìíràn, wọ́n kàn ṣí fìlà orí o rẹ̀ sọnù ni. Ìyẹn ò dùn mí.

Àwọ̀n ìpẹja kan wà tí wọ́n ń kọ ní seine, Séènì ni wọ́n sì ń pè é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú èdè Gíríìkì ni ti àwọ̀n ti ṣẹ̀ wá. Sequana ni orúkọ odò ti wá, òrìṣà odò sì ni Sequana. Níbi orísun odò náà, lápá ibi tí ìlú Dijon wà ní Faransé, àwọn ará ìgbàanì kọ́ ojúbọ fún un. Wọ́n á fi igi gbẹ́ ẹsẹ̀, wọ́n á gbẹ́ orí, ibi tó bá ṣáà ń dùn wọ́n, wọ́n á gbé e lọ bá a kó lè wò wọ́n sàn. Lọ́dún 1933 ni wọ́n hú ère idẹ rẹ̀ jáde, ó dúró nínú ọkọ̀ tó ní orí pẹ́pẹ́yẹ. Ẹni tó bá ti dé Òṣogbo rí á mọ irú obìnrin tí mò ń wí. Òun ni wọ́n wá sọ orúkọ rẹ̀ di ti àwọ̀n ẹja! Àwọn kan tiẹ̀ ń kọ "in Seine" sí àyà aṣọ tà, torí pé bí wọ́n ṣe ń pè é dún bí insane, orúkọ tí wọ́n ń pe wèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Mo kọ̀wé sí tíṣà náà. Ó fi ọ̀yàyà fèsì pé kò séwu, méjèèjì ló tọ̀nà. Bí méjèèjì bá tọ̀nà, kí ló wá ń bá ọmọ mi wí fún? Mi ò tíì rí èsì ìyẹn gbà.

Lálẹ́ àná, àbúrò mi pè láti Kétu, ó ní kí ọmọ òun pe odò yẹn kí òun gbọ́. Ọmọ wò mí, ó wo fóònù, ó rọra ní, "Séènì ni, Tàntí."

Àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Séènì? Ìlú wo nìyẹn wà?"