Malcolm Butler kò ti ìdí adìẹ díndín bọ́ sí Super Bowl

Wọ́n ń pín in kiri pé adìẹ díndín ni Malcolm Butler, cornerback (ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù) fún ẹgbẹ́ Patriots nígbà náà, ṣì ń tà kí wọ́n tó sáré gbé e wọ Super Bowl, àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Irọ́ ni. Ó ṣiṣẹ́ ní Popeyes, ilé oúnjẹ adìẹ díndín, lóòótọ́, nígbà tí ẹgbẹ́ Hinds Community College lé e. Ṣùgbọ́n ó padà sí Hinds, ó sì tún ṣeré fún yunifásítì West Alabama. Kò sẹ́gbẹ́ NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tó yàn án lọ́dún 2014. Ìdánwò ló fi wọ Patriots. Kó tó di February 1, 2015, ọjọ́ Super Bowl náà, ó ti kópa nínú ìdíje 11 ní sáà náà.

Àwọn tó ní oríire lásán ló fi já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ alátakò níbẹ̀, ẹnu dùn-ún ròfọ́. Wọ́n ti fi ọgbọ́n kan náà tí alátakò lò lọ́jọ́ náà borí rẹ̀ níbi ìgbaradì. Lọ́jọ́ náà, Browner, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, di Kearse, alátakò kan, mú, Butler sì sáré ṣíwájú Lockette, alátakò kejì, já bọ́ọ̀lù gbà. Àkọ́jágbà rẹ̀ ní NFL nìyẹn ṣá.