Igbó kì í ṣe pápá ìṣeré

"Kí la fẹ́ fi pápá ìṣeré ṣe ní Èkìtì? Ṣebí igbó ló yí wa ká."

Mo tún gbọ́ ọ ní ìpàdé àdúgbò wa ní Adó ní Sátidé tó kọjá. Ètò ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí àdúgbò ṣe fún pápá ìṣeré àti ibi ìgbafẹ́ ní ọdún 13 sẹ́yìn la fẹ́ tún gbé yẹ̀wò. A ò tíì ka ojú ewé kejì tán tí bàbá kan fi sọ ọ́, ni gbogbo ilé bá ń mi orí. Àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún ni wọ́n, mi ò lè dá wọn lóhùn láàárín èrò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi, torí òun ni wọ́n fi ń gba ilẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́.

Igbó wo gan-an? Igbó tí ẹ ń rí lẹ́yìn ilé yẹn ní ẹni tó ni ín. Bí kò bá jẹ́ oko ẹbí, á jẹ́ ilẹ̀ tí ẹnì kan ti rà, tó ti ri òpó kọnkéré sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yín lọ gbá bọ́ọ̀lù láàárín ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn, kí ẹ wá wo ariwo tó máa bá a délé.

Ẹ tún wo orúkọ wa. Àwọn àgbà sọ pé inú "òkìtì" ni Èkìtì ti jáde, ilẹ̀ olókè. Ní Ìkẹ́rẹ́, àpáta Olósùnta ló dúró gàgàrà lórí ìlú. Ní Ẹ̀fọ̀n, ilé tòkè ń wo òrùlé ilé ìsàlẹ̀. Níbí ní Adó, àpáta la ń wò bí a bá ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Igbó kọ́ ló wọ́n lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ títẹ́jú ni. Òun sì ni oníṣọ́ọ̀ṣì ń wá, òun ni onílé epo ń wá, òun ni ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù ń wá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló ń kọ́kọ́ tán. Èyí tó bá ṣẹ́kù fún ọmọdé, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni. Bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ bá gbá níbẹ̀, inú odò lẹ ó ti lọ mú un.

Lẹ́yìn ìpàdé, mo mú ìwé ètò náà dání, mo fẹsẹ̀ rìn yí àdúgbò po. Ibi 4 ni wọ́n fi àwọ̀ ewé kùn nínú rẹ̀ fún pápá ìṣeré àti ìgbafẹ́. Ti àkọ́kọ́ ti di ilé epo. Ṣọ́ọ̀bù 11 ló tò sórí ìkejì, mo kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta di àkùrọ̀ tí wọ́n ń da pàǹtí sí. Ìkẹrin, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nìkan ló kù, àwọn kan sì ti ń já yanrìn sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ètò tí wọn ò ṣí wò fún ọdún 13 nìyẹn. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ ò ní dúró dè wá.

Bí mo ṣe ń bọ̀, mo bá àwọn ọmọ mélòó kan tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, òkúta méjì-méjì ni góòlù wọn. Ọ̀kan nínú wọn ò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù rárá. Kọ́nà ló dúró sí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa kígbe "Ọ̀kadà!" kí gbogbo wọn lè sá sí ẹ̀bá gọ́tà. Ìgbà 9 ló kígbe kí n tó kúrò níbẹ̀, mi ò sì pẹ́.

Èmi náà gbá bọ́ọ̀lù lójú títì nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 10. Taya ọ̀kadà ló fi àpá sí orúnkún mi ọ̀tún. Igbó wà nígbà náà o, ó pọ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ. Ejò ló wà ńbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gún àti olóko tí kò gba gbẹ̀rẹ́.

Àwọn kan ní àṣà òyìnbó ni. Ojúde ọba wo ni àwọn baba wa ò fi àyè gbalasa sílẹ̀ sí? Igbó tiwọn ju tiwa lọ fíìfíì, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jìjàkadì, ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń ṣeré òṣùpá. Òfin ìsinsìnyí náà sì mọ̀ ọ́n: àfikún kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ka ibi ìgbafẹ́, ọgbà àti àyè gbalasa mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, lójú kan náà pẹ̀lú títì àti gọ́tà.

Ẹ má tún sọ fún mi pé a ní pápá ńlá tí wọ́n fi orúkọ Olúyẹmí Káyọ̀dé pè, ọmọ tó wà lára àwọn tó gba fàdákà eré sísá fún wa ní Barcelona ní 1992. Báwo ni ọmọ ọdún 8 ṣe máa dá sọdá títì ńlá débẹ̀ láti àdúgbò wa? Ibi ìgbafẹ́ Ìkógòsì náà dára, àmọ́ ta ló ń lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè lẹ́yìn iléèwé? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi wákàtí kan lójúmọ́ ṣe eré tó ń mú kó mí hẹlẹhẹlẹ. Ìtòsí ilé ni irú eré bẹ́ẹ̀ ti lè ṣeé ṣe.

Ó dáa, ní abúlé tí ilé rẹ̀ ò tó 20, bóyá igbó tó wọn. Àdúgbò wa kì í ṣe abúlé mọ́.

Bí a bá tún pàdé, mo fẹ́ kí a kọ àyè kẹrin yẹn sínú ètò tuntun pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, kí a ri òpó sí igun rẹ̀, kí a sì dá ọjọ́ tí a ó tún ṣí ìwé náà wò, ọdún 5 sí i, kó má tún di 13. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rìn débẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. A ó gba kọ́nà tí ọmọ yẹn ń dúró sí kọjá.