Kord kò ní kí ẹnikẹ́ni tẹ aláìlágbára mọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn ká láàárín àwọn ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta tó ń ṣeré Dungeons & Dragons (eré àfinúrò tí olùṣeré kọ̀ọ̀kan ti ń gba ipa ẹnì kan nínú ìtàn), pé Kord, òrìṣà agbára inú eré náà, ló ní kí àwọn ọmọlẹ́yìn òun máa fìyà jẹ ẹni tí kò lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣí ibi tí wọ́n to àwọn òrìṣà sí nínú ìwé òfin eré náà ti ọdún 2000. Ẹni rere ni wọ́n pe Kord níbẹ̀. Ìwé ti 2008, tó fi ìjà àti ìjì kún iṣẹ́ rẹ̀, sọ àṣẹ rẹ̀ gbangba: ẹ lágbára, ṣùgbọ́n ẹ má fi ba nǹkan jẹ́ lásán.

Hextor ni ẹni tí ẹ ń sọ, òrìṣà ìjẹgàba inú eré kan náà, ọlọ́wọ́ mẹ́fà. Òótọ́ ni pé àwọn méjèèjì fẹ́ràn ìjà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì wọ́n mú. Ohun tí oníkálukú ń fi agbára ṣe ló yà wọ́n. Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa ọmọ Ẹ̀gbá: alágbára ni Lísàbí, agbára náà ló sì fi gbà wá lọ́wọ́ Ọ̀yọ́.

Ẹni tó bá ti pín ti tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa pín èyí náà.