Ọgbọ̀n Ọjọ́ "Ọ̀fẹ́" Tó Ń Jẹ Wá Lówó

Ta ni àwọn tó ń pe software wọn ní ọ̀fẹ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ ń tàn jẹ gan-an? Inú ń bí mi, mi ò sì ní pa á mọ́ra.

Àwọn ọmọ márùn-ún ni mò ń kọ́ níṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbí ní Kubwa, l'Ábújá. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun téèyàn ń ka nínú ìwé kó mọ̀ ọ́n. Ọmọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ àṣẹ, kó bà á jẹ́, kó tún un ṣe. Owó router gidi, ẹ̀rọ tó ń darí dátà láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn, kò sí, ìdí nìyẹn tá a fi ń wá software tó ń darí router, ká gbé e sórí láptọ́ọ̀pù, ká so mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ nínú GNS3, software tá a fi ń ṣe àfarawé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n máa bára wọn sọ̀rọ̀.

Ilé iṣẹ́ kan lókè òkun kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni tiwọn fún 30 ọjọ́, pé kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ wá dán an wò. Mo kọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní àwọn ò gba Gmail, àfi ímeèlì ilé iṣẹ́. Níbo lọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ti fẹ́ rí ìyẹn? Mo fi tèmi sí i. Ó tún kan nọ́ńbà káàdì. Káàdì kí ni, lórí ohun tẹ́ ẹ pè lọ́fẹ̀ẹ́? Ṣé ẹ rántí 2022, tí ọ̀pọ̀ báǹkì wa gé ohun tá a lè fi káàdì náírà ná lókè òkun sí $20 lóṣù? Látìgbà yẹn ni mi ò ti gbójú lé káàdì náírà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ni mo bẹ̀ kó fi tiẹ̀ sí i.

Ìyá tó ń ta ẹ̀pà lọ́jà wa kì í bi mí ní nọ́ńbà káàdì kó tó bu díẹ̀ sí mi lọ́wọ́ pé, "Tọ́ ọ wò."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi dá wa dúró kí línkì tó dé. Fáìlì náà lé ní gíìgì mẹ́rin. Dátà òru lagbára wa ká, òru mẹ́fà la sì fi jà á. Lóru kẹta ó ti dé 91% kí iná tó lọ. Mo gbọ́ ohùn èyí tó kéré jù nínú wọn nínú òkùnkùn: "Ọ̀gá, ó tún ti já o." Kò sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé, òdo ló padà sí.

Nígbà tá a wá tan án, kí la rí? Ó ku 20 ọjọ́! Àṣé ọjọ́ tí mo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ni wọ́n ti ń kà á. Ìwé tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó ńkọ́? Wọ́n ní àfi ẹni tó bá ti rà á.

Láti 1993 ni Debian, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, software ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, ti wà, kò sẹ́ni tó ń bi yín ní káàdì kẹ́ ẹ tó gbé e. FRRouting, software ọ̀fẹ́ tó ń sọ kọ̀ǹpútà di router, náà wà lórí Linux, BGP àti OSPF, ìlànà táwọn router fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn, wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, a sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n tàwọn èèyàn yìí làwọn ọ́fíìsì ní Maitama àti Wuse ń lò, òun ni wọ́n máa bi àwọn ọmọ yìí nígbà tí wọ́n bá wáṣẹ́ lọ.

Ẹ yọ káàdì kúrò. Ẹ jẹ́ ká ka ìwé yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ látọjọ́ tá a bá tan án.

Ó ti ku 13 báyìí, iná ò sì tíì dé látàná.