Ọkọ Kú, Wọ́n Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ìyàwó: Ṣé Kò Yẹ Kí Òfin Ìdílé Yí Padà?

Ìyá Ìbejì: Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí o. Aládùúgbò wa kan n'Íbàdàn níbí bá ọkùnrin gbé, ó bímọ mẹ́ta fún un. Wọn ò ṣe ìdána, wọn ò lọ sí kóòtù. Owó gààrí tó ń tà wà nínú bíríkì ilé yẹn. Ọkùnrin náà kú láìṣe ìwé ìhágún, kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, àwọn àbúrò ọkọ ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Kí ìjọba ṣòfin pé ẹni tí ẹ jọ gbé, tí ẹ jọ kọ́lé, ó ní ìpín.

Bàbá Ṣọlá: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò mú ọkùnrin yẹn lọ bá bàbá rẹ̀? Ìyàwó tèmi, ẹbí méjèèjì ló mọ̀ sí i. Orógbó, obì, oyin, gbogbo rẹ̀ ló pé. Bí òfin bá sọ èyí tó kàn kó ẹrù wọlé ọkùnrin di ẹgbẹ́ rẹ̀, ta ni yóò tún yọ ara rẹ̀ lẹ́nu ìdána?

Lọ́yà Èkó: Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ àwọn ọmọ sọ́tọ̀. Òfin ìpìlẹ̀ 1999, abala 42(2), ní a ò gbọdọ̀ torí bí wọ́n ṣe bí ọmọ Nàìjíríà kan fi ẹ̀tọ́ dù ú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ogún. Ìyá wọn ni wàhálà wà fún. Ẹ má sì bínú, ìdána gan-an ì bá má gbà á là. Lábẹ́ àṣà wa, opó kì í jogún ọkọ, ọmọ ló ń jogún. Òfin ìkọ̀sílẹ̀ ọdún 1970, ìgbéyàwó kóòtù nìkan ló wà fún. Obìnrin tí wọ́n gbé obì àti orógbó lọ sílé rẹ̀ náà lè bá ara rẹ̀ níta.

Bàbá Ṣọlá: Ìdí-igi, ìyẹn pípín ogún ní iye ìyàwó tó bímọ, ńkọ́? Lọ́dún 1962, ẹjọ́ Dáwódù ti Èkó dé London. Ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án, ìdí mẹ́rin ni ogún náà pín sí. Ìyá á máa gbé lábẹ́ ìpín ọmọ rẹ̀. Àṣà ò gbàgbé opó.

Títí Peckham: Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, tí kò bá bímọ ńkọ́? Tí àwọn ọmọ bá ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, ta ni yóò bá wọn gba ìpín lọ́wọ́ àwọn àbúrò bàbá wọn? Ní England níbí, àwọn tó kàn ń jọ gbé kì í ṣe tọkọtaya lójú òfin. Síbẹ̀, láti 1996, ẹni tó bá olóògbé gbé bíi tọkọtaya fún ọdún méjì gbáko títí dọjọ́ ikú lè bẹ adájọ́ pé kó yọ owó ìgbọ́bùkátà fún òun nínú ogún. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ìyàwó. Kó má sun títì ni. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ nílé.

Bàbá Ṣọlá: Ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí létí, ọmọ mi. Àmọ́ ọkùnrin tó níyàwó sílé, tó tún gbalé fún àlè, ṣé àlè náà á wá bá ìyàwó jókòó sídìí ogún?

Lọ́yà Èkó: Ìbéèrè gidi nìyẹn, òfin tuntun gbọ́dọ̀ dáhùn ín. Lójú tèmi, kí ìyàwó ilé kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ kọ́lé, ká má torí pé wọn ò ṣe ìdána jẹ owó rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá Ìbejì, ṣé obìnrin yẹn ní risíìtì?

Ìyá Ìbejì: Ó ní in. Ti sìmẹ́ǹtì àti ti páànù, orúkọ rẹ̀ ló wà lára wọn. Inú agolo mílíìkì ló kó wọn sí.

Lọ́yà Èkó: Kó má fún ẹnikẹ́ni ní ojúlówó rẹ̀ o. Láìsí ìdána pàápàá, kóòtù gíga lè yẹ owó tó dá sí ilé náà wò. Kó tètè rí lọ́yà kí wọ́n tó tà á.