Ta ló sọ fún yín pé owó àìsàn ń ba ìwé jẹ́?

Wọ́n tún ti fi ohùn kan ránṣẹ́ sínú WhatsApp ẹgbẹ́ wa láàárọ̀ yìí. Bàbá kan ló ń sọ̀rọ̀, ó ń fara balẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú. Ó ní gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ sponsor, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó dúró fún físà wọn, ní ìlú Ọba yìí, kí wọ́n má ṣe gba owó àìsàn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ wọn o, nítorí “no recourse to public funds” ló wà nínú físà wọn, ìyẹn pé wọn kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ó ní ẹni tó bá gbà á, ọjọ́ tó bá fẹ́ gba ìwé ìgbélùú ni ojú rẹ̀ yóò là. Àwọn ènìyàn ń ṣe àmín. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, wọ́n sì ń pín in kiri.

Irọ́ ni. Mi ò fẹ́ pọ́n ọn lé, mi ò sì fẹ́ pè é ní àṣìgbọ́, nítorí mo ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ yìí fi ojú ọmọ ọlọ́mọ rí.

Statutory Sick Pay, èyí tí a ń pè ní SSP, ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ ló ń san án. Kì í ṣe ìjọba. Àwọn owó tí òfin ìwọ̀lú kà sí public funds, wọ́n kọ wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Universal Credit wà níbẹ̀, Child Benefit wà níbẹ̀, owó ìrànwọ́ ilé wà níbẹ̀, PIP, owó ìrànwọ́ fún aláàbọ̀ ara, náà wà níbẹ̀. Ẹ wá SSP títí, ẹ ò ní rí i. Kódà New Style ESA (owó ìrànwọ́ fún ẹni tí àìlera dí lọ́wọ́ iṣẹ́), tí ẹni tí SSP rẹ̀ bá tán lè béèrè fún, kò sí níbẹ̀, torí National Insurance tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ wa ni wọ́n fi ń san án. Ẹ mú payslip yín kí ẹ wò ó. Ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gé lórí èyí tó pọ̀ jù nínú owó òṣìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń gé e, ta ni wọ́n bi léèrè irú físà tó gbé wọ̀lú?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí gan-an.

Àbúrò mi kan wà ní ìjọ wa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Tíṣà ni ní Ìjẹ̀bú kó tó wá síbí wá máa tọ́jú àwọn arúgbó ní care home kan ní Kent. Ọmọ tó máa ń jó láti ẹ̀yìn dé iwájú pẹpẹ ni. Ní ọdún tó kọjá, mo ṣàkíyèsí pé bí a bá ti ń kọrin ìyìn, ńṣe ló ń jókòó, ọwọ́ rẹ̀ kan yóò sì wà ní ìbàdí. Mo kọ́kọ́ rò pé ó lóyún ni. Mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó ní iṣẹ́ òru ni. Ènìyàn méjì ló yẹ kó wà nídìí hoist, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ẹni kejì tí wọ́n ń retí kò wá. Hoist ọ̀hún náà, bátìrì rẹ̀ ti kú. Bàbá àgbà tó ń tọ́jú fẹ́ lọ sí ilé ìgbẹ́, ó ń sunkún, kò fẹ́ ṣe é sára. Àbúrò mi bá kì í mọ́ra, ó gbé e. “Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan dún lẹ́yìn mi bí ìgbà tí igi bá ṣẹ́.” Ó jókòó lórí ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó sì ṣiṣẹ́ rẹ̀ dójúmọ́. Nígbà tó délé, kò lè bẹ̀rẹ̀ tú okùn bàtà rẹ̀.

Ó pe máníjà rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ìyẹn bi í ni pé ṣé ó dá a lójú pé kì í ṣe ilé ló ti ṣe ara rẹ̀ léṣe. Lẹ́yìn náà ló ní kó fi àwọn ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ tọ́jú ara. Ìsinmi tó ń tọ́jú pamọ́ láti fi lọ wo ìyá rẹ̀ nílé! Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n ń kọ ìjàǹbá sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé bí ìfarapa ẹnu iṣẹ́ bá dá èèyàn dúró ju ọjọ́ méje lọ, dandan ni kí ilé iṣẹ́ fi tó HSE, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò lẹ́nu iṣẹ́, létí, tàbí pé oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló yẹ kí wọ́n máa yẹ irú hoist bẹ́ẹ̀ wò. Nígbà tí ìsinmi rẹ̀ tán, ó padà síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ìrora. Ibuprofen ló fi ń wọ aṣọ, òun ló fi ń wọ bàtà.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò gba fit note, ìwé tó fi hàn pé ara èèyàn kò lè ṣiṣẹ́, lọ́wọ́ dókítà. Ó wo ojú mi. “Wọ́n ní yóò ba CoS mi jẹ́.” CoS ni ìwé tí sponsor fi dúró fún físà rẹ̀. Ta ni wọ́n? Kò lè sọ. Àwọn èèyàn ni. Àwọn àgbà. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kan tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Èmi àti rẹ̀ la jọ lọ sọ́dọ̀ GP. Dókítà kò bi í nípa físà rárá. Ẹ̀yìn ló yẹ̀ wò, ó kọ fit note fún un, ó sì kọ ìwé pé kó lọ rí àwọn tó ń na iṣan. Mo ní láti sọ èyí fún àwọn tí kò mọ̀: ọjọ́ méje àkọ́kọ́, ẹnu ara rẹ lo fi máa sọ pé ara rẹ kò yá, o ò nílò ìwé dókítà. Ó di ọjọ́ kẹjọ kí wọ́n tó lè béèrè fit note. SSP sì lè gùn tó ọ̀sẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n.

A kọ lẹ́tà sí máníjà. A kọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, yàrá tó ti ṣẹlẹ̀, bátìrì hoist tó kú, ẹni kejì tí kò wá. A ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjàǹbá wọn, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í san SSP. Ó fèsì ní ìlà kan pé kò tọ́ sí i. Ó dáa. A ní kó fún wa ní fọ́ọ̀mù SSP1. Fọ́ọ̀mù yẹn ni ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ tí wọn kò ní sanwó fún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà tí a dárúkọ fọ́ọ̀mù náà ni ohùn yí padà. Ẹnì kan pè láti olú ilé iṣẹ́ wọn, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó ní àìgbọ́ra-ẹni-yé ni. Wọ́n sanwó.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn òbí wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo wá ni a dé ìlú Ọba tí ìdákẹ́ di ọgbọ́n? Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àwọn kan ń purọ́ àìsàn kí wọ́n lè sùn nílé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń purọ́ rojọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì arúgbó ni mò ń sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá sú mi rèé. Iye tí wọ́n ń san lọ́dún 2025 yẹn, £118.75 lọ́sẹ̀ ni, wọn kì í sì í san ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ rárá. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́rin, £475 ni. Owó yàrá tí àbúrò mi ń gbé nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó rajà, kó tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sílé. Láti April 2026, òfin tuntun ti ní kí wọ́n máa san án láti ọjọ́ kìíní, kí ó sì kan àwọn tí owó iṣẹ́ wọn kéré jù tí wọn kì í rí nǹkan kan gbà tẹ́lẹ̀. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn díẹ̀ ni wọ́n fi kún iye owó náà.

Àbúrò mi padà síṣẹ́ kí fit note rẹ̀ tó pé. Mo bínú sí i gidi. Mo ní kí ló ń sá fún, nígbà tí Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, ní bí èèyàn bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ láìgba owó, sponsor lè jáwọ́, àmọ́ wọ́n yọ àìsàn sọ́tọ̀ nínú ìyẹn. Ó gbọ́ mi parí. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Wọn ò ní lé mi nítorí ẹ̀yìn. Wọ́n á kàn ní iṣẹ́ dín kù ni. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n á fún mi láti wá sponsor míì. Ta ló fẹ́ gba ẹni tí kò lè gbé èèyàn?”

Mi ò rí èsì fọ̀ fún un. Mo mọ ohun tí ìwé òfin sọ, mo sì mọ irú máníjà tó ní.

Nítorí náà, ìrànlọ́wọ́ ni mò ń béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ gba SSP nígbà tí ẹ wà lábẹ́ sponsor, tí ẹ sì tún físà yín ṣe lẹ́yìn rẹ̀ tàbí tí ẹ ti gba ìwé ìgbélùú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí. Ẹ má dárúkọ ilé iṣẹ́. Ẹ̀yin tí wọ́n sì fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ lé lẹ́yìn tí ẹ gbà á, ẹ̀yin náà, ẹ kọ ọ́. Mo fẹ́ mọ èwo ló pọ̀ jù kí n tó tún sọ fún ẹlòmíì pé kó má bẹ̀rù.